Aránṣọ Ní Kí N Fi Káàdì Mi Hàn Òun

Yàrá Abẹ́rẹ́ Àjẹsára,
Ilé Ìwòsàn Àdúgbò.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Báwo ni ilé? Ọ̀gá káfíńtà, baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ká eyín, ṣé òmíràn ti hù, àbí àlàfo yẹn ló ṣì fi ń súfèé? O kú iṣẹ́, o kú làálàá àwọn aláìsàn. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì máa ń sùn ní ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìdí bírò lónìí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ojú ló ń tì mí.

O mọ̀ pé wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò máa lọ láti ilé dé ilé, ká máa la àwọn obìnrin lóye nípa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. O sì mọ èmi àti ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí: pé kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, pé ó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé tí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Obìnrin mọ́kànlélógójì ni mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Obìnrin náà ń fi ẹsẹ̀ wa máṣìn-ìn, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo rojọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Nígbà tí mo parí, ó gé òwú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ fi káàdì àyẹ̀wò tiyín hàn mí."

Mo ní mo fi sílé. Irọ́ ni. Mi ò ní káàdì kankan, Ẹlẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọn ò yẹ̀ mí wò rí. Ìwọ nìkan lo mọ ìdí ẹ̀, torí àwa méjèèjì la jọ fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, pé ta la fẹ́ tú ara sílẹ̀ fún, ṣé agbẹ̀bí tá a jọ ń jẹun ọ̀sán ni? Pé lọ́jọ́ kejì, ojú wo la máa fi wò ó tó bá ní ká gbé iyọ̀ wá? A rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi lé wa síta.

Aránṣọ náà ò bá mi jà. Ó ní tí mo bá ti rí káàdì ọ̀hún, kí n yà mú òun, ká jọ lọ. Ó bá padà sídìí máṣìn-ìn rẹ̀. Mo délé, oúnjẹ ò lọ. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ èmi tún gbé tèmi pamọ́ fún ẹni tó lè bá mi gbẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ mú un, mo jẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Agbẹ̀bí wa fa kọ́tìnnì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò bí ẹni pé a jọ jókòó síta ni. Kò dùn mí. Ó fi òwú tó rẹ sínú fínígà pa ibẹ̀, ó ní ká dúró díẹ̀, torí ibi tí nǹkan bá ń ṣe ló máa ń funfun. Nígbà tó tún wò ó, kò sọ̀rọ̀ òrùlé mọ́.

"Akọ̀wé, ibì kan funfun níbí," ló wí. "Kò tíì di jẹjẹrẹ o. Àmọ́ ká ní o tún jókòó sílé fún ọdún mélòó kan ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá máa sọ fún ọ."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ náà gan-an ló fi ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń gbóná tọ́jú ẹ̀. Ó mú mi nínú díẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, kò pẹ́ tó fi tán. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ padà lọ kí wọ́n tún wò ó. Ti aránṣọ ò ní nǹkan kan nínú; òun ló di ọwọ́ mi mú délé. Lọ́jọ́ kejì, agbẹ̀bí ní kí n gbé iyọ̀ wá. Mo gbé e fún un, a jẹun. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́tàlá sá fún náà nìyẹn.

Bá mi kí baálé rẹ àti ìyá wa. Fi ọwọ́ pa orí àbíkẹ́yìn fún mi.

Mi ò wàásù fún ọ o. Mo kàn mọ̀ pé ìwọ náà ò tíì lọ, torí ẹ̀rín kan náà la jọ rín. Nítorí náà, má tètè fún mi lésì. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò ni kó o kọ sókè lẹ́tà rẹ, lápá ọ̀tún, níbi tí déètì máa ń wà. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ò ní jẹ́ kó o sinmi,
Akọ̀wé.