Ìbọ̀wọ́ Funfun àti Àwòrán Ìyàwó Bàbá

                                        Yàrá Ìtọ́jú Àwòrán,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ tó máa ń bu ìwé jẹ, ṣé ó ti jáwọ́? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn báyìí? Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bó o bá rí mi báyìí, egungun lásán ni wàá máa kà.

Jẹ́ n má fi bò fún ọ: mò ń jowú tọ̀sán-tòru. O mọ̀ pé láti ìgbà tó o ti fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi nìkan ni Bàbá Agbẹ́gi ń jẹ́ kó fọwọ́ kan àwòrán tí wọ́n bá fi pátákó tí wọ́n gbẹ́ tẹ̀ sórí bébà. Bí ìpàtẹ bá wà lókèèrè, èmi náà ló ń bá àwòrán lọ. Ní báyìí wọ́n ti tẹ tuntun fún ìpàtẹ mìíràn, ojú ìyàwó wọn tó dolóògbé sì wà nínú ọ̀kan. Mo ti ń ṣa aṣọ ìrìn àjò sọ́tọ̀, àfi bí wọ́n ṣe gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, kí ni n ò rí? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á fọwọ́, á nù ún gbẹ, kò sì ní fi ìpara kankan pa á láti àárọ̀. Á di igun bébà méjì tó dojú kọra mú, á gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Bàbá dúró wò ó, wọ́n ní ọwọ́ tó mọṣẹ́ rèé. Èmi tí mo ti ń gbé e látọjọ́ yìí, ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbé e ni? Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n bu ata sí mi láyà.

Ni mo bá ní n ó fi hàn wọ́n pé ọ̀gá ni mí. Mo lọ ra ìbọ̀wọ́ òwú funfun. Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ ló yẹ bébà wa, pé ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ ohun tó dì mú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wọ̀ ọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí mo ṣe gbé àwòrán ìyàwó Bàbá sókè, òwú há mọ́ etí bébà. Kí n tó mọ̀, bébà ti ṣẹ́po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó Bàbá, àmì kan bí èékánná.

Mo fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó nà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sáré dá mi dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fomi kàn án." A fi í sáàárín bébà mímọ́, a rọra gbé pátákó lé e. Ó rọ̀ díẹ̀, àmọ́ àmì ò parẹ́. Nígbà tí Bàbá wọlé, kí n tó lanu, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti sọ pé àwa méjèèjì la jọ gbé e. Ṣó o rí ìyà? Ẹni tí mo fẹ́ kórìíra, kò fún mi láyè rárá. Inú tún bí mi sí i.

Mo sọ fún Bàbá pé irọ́ ni, èmi àti ìbọ̀wọ́ mi ni. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n ní ilé àwọn ni èyí yóò máa gbé. Wọ́n ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò bá ìyókù lọ, kí èmi bá a di ẹrù.

Ọwọ́ lásán ni mo fi dì í. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo fi páálí líle sókè àti sísàlẹ̀, mo kọ ibi tó gbọ́dọ̀ dojú kọ òkè sára àpótí. Ẹni tó bá ṣí i lọ́hùn-ún, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò kí kú iṣẹ́. Ó dùn mí wọra.

Lánàá tó ń lọ, mo ní orí ń fọ́ mi, n ò lè sìn ín. Òjò wá dé. Mo sáré jáde pẹ̀lú agboòrùn, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo sin Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má gbà á gbọ́. Àpótí ni mo fi agboòrùn bò. Òun, òjò pa á dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá wa àti àwọn ọmọ.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí owú ò tíì tán nínú rẹ̀,

Ìyá Férémù