Ẹ̀fọ́ Inú Kẹ́ẹ̀gì

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ẹsẹ̀ màmá rẹ ṣì wú. Dókítà ní kíndìnrín ni.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti gbin oúnjẹ sẹ́yìnkùlé lówó pọ́ọ́kú, olùkọ́ rí kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé dání, ó ní, "Bàbá, ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò yẹn o." Mo ní, "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí! Mo ti ń gbin nǹkan kí wọ́n tó bí ẹ."

Mo gbin ẹ̀fọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì náà. Oṣù mẹ́ta ni màmá rẹ fi jẹ ẹ́. Èmi kì í jẹ ẹ̀fọ́.

Mo ti sọ fún dókítà. Màmá rẹ kò tíì mọ̀. Lórí ibùsùn, ó ṣì ń sọ pé kí n lọ bomi rin ẹ̀fọ́ náà. Tètè wálé, kí o jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń sọ fún un. Ọlọ́run á sìn ọ́ délé.

Bàbá rẹ.