Àpótí Ìbò Tó Pẹ́ Lọ́nà

                                        Ilé-ìwé Kékeré,
                                        Pointe-Lucien,
                                        Agbègbè Ìdìbò Wapus.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 1982.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Célestine,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti sàn díẹ̀? Màmá ní kí n kí yín, ó sì ní kí n béèrè bóyá ẹ ṣì ń jẹ ẹja gidi, àbí ẹja inú agolo lẹ kù sí. Ara tiwa náà le. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí o. Halvor, awakọ̀ òfuurufú, ń gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kaná ní ṣọ́ọ̀bù Modeste. Tó bá ti gbóná, wọ́n ń gbéra nìyẹn. Omi ti ń dì létí adágún. Lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, kò sí òmíràn tó máa bà síbí títí yìnyín á fi le tó láti gbà á, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ ti gbọ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń pín agbègbè ìdìbò fẹ́ pa Wapus rẹ́, kí wọ́n dà wá pọ̀ mọ́ àwọn alálíkámà apá gúúsù. Wọ́n ní èèyàn wa ò pọ̀. Ọjọ́bọ̀ yìí ni adájọ́ fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú, ní Larkin, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Nínú gbogbo oṣù tó wà nínú ọdún, ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ò lè lọ mọ́, tí ajá ò sì tíì lè fa ẹrù lórí yìnyín, ni wọ́n mú. Mi ò rò pé ìkà ni wọ́n fi ṣe. Wọn ò kàn mọ̀ ni, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Èmi ni ìlú yàn pé kí n lọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń di ẹrù tí mo tún ń tú u. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ wo omi, mo padà wá. Mo ti kọ ìtàn Wapus sójú ìwé mẹ́rin: bí wọ́n ṣe fi rúlà fa ààlà rẹ̀ láìdé ibẹ̀, bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣojú wa ò ṣe fẹsẹ̀ tẹ ibí rí nítorí ó ní ẹ̀fọn pọ̀, bí wọ́n ṣe pa á rẹ́ ní 1934, tó jẹ́ pé fún ọdún mẹ́rìnlá ara kàlẹ́ńdà nìkan la ti ń rí aṣojú wa. Lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà. Mo kọ ọ́ dé 1960, ọdún tí wọ́n gbà kí àwa tí orúkọ wa wà nínú ìwé àdéhùn tí àwọn baba ńlá wa bá ìjọba ṣe dìbò. Ibẹ̀ ni bírò mi dúró sí. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ti gbé àpò mi délẹ̀ létí omi nígbà tí wọ́n ké sí wa pé Bernadette, ìyàwó Paul, ti ń rọbí. Oṣù rẹ̀ ò tíì pé, ọmọ sì dábùú nínú. Ọkọ̀ Halvor ò lè gba ju òun àti ìyá rẹ̀ tó máa dì í mú. Kò sẹ́ni tó ní kí n fàyè sílẹ̀. Mo kàn gbé àpò mi, mo padà sókè.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Modeste wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Delphine, ilé yín ṣá. Ṣé ohun ìlú ò lè gba ọwọ́ yín kó dé lásìkò ni?”

Ìyàwó rẹ̀ tó ń wọn ìyẹ̀fun dá a lóhùn pé, “Fi wọ́n sílẹ̀ o. Àwọn tó fi ìbò jẹ ẹran.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fipá rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélógún, ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ forí jì mí, bí mo ṣe fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ọ ni mo ń kọ ọ́. Ìbò mọ́kànlélógójì ló wà nínú àpótí yẹn, ìbò àkọ́kọ́ tí àwọn bàbá wa dì láyé wọn. Bàbá àgbà àti ẹ̀yin lẹ gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ìrìn ọjọ́ méjì dé ibi tí wọ́n ti ń ka ìbò. Ní ọjọ́ kejì, akọ múùsì kan, ẹran igbó tó tóbi ju màlúù lọ, dúró nínú omi níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Ìbọn dún. Ẹran tó bá sì ti ṣubú, a kì í fi í sílẹ̀ kó jẹrà. A máa bó o, a máa kun ún, a máa pín in fún ẹni tí iná rẹ̀ bá sún mọ́ wa jù. Àgọ́ Agathe àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méje ló wà nítòsí. Láti ìgbà tí yìnyín ti ń fọ́ tí wọn ò lè dẹ àwọ̀n, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tan ikùn. Kẹ́ ẹ tó ṣe tán, ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti pa ìwé dé. Ìbò mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi na ẹni tiwa. Bàbá àgbà dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ní, “Èmi ni mo yìnbọn.” Orúkọ ẹni tó fi ìbò jẹ ẹran yẹn ló gbé wọ sàréè. Ẹ̀yin sì bá ọkọ̀ lọ kí òtútù tó dé, ẹ ò padà wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ fún mi. Ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, mo ń fún un lómi ẹja mu. Ó ní, “Delphine, ta ló máa ń gbé ìbọn nínú ọkọ̀?” Mo ní ẹni tó jókòó síwájú ni, torí ẹni ẹ̀yìn ló ń tukọ̀. Ó ní, “Èmi arúgbó yìí, ṣé iwájú ni mo jókòó sí?” Ó wá rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́. Ó ní, “Ọta kan péré ni ẹ̀gbọ́n rẹ lò. Kò sí ọkùnrin tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Kò bínú sí yín rí. Ó ń fi yín yangàn, àmọ́ kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì ń sunkún báyìí.

Ojú ìwé mẹ́rin náà wà nínú àpòòwé yìí. Èmi ò lè kọ ìkarùn-ún, torí mi ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ẹni tó yìnbọn; tiyín nìyẹn. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ọ̀nà jìn, pé ebi ń pa àwọn ọmọ lójú ọ̀nà, àti pé tí wọ́n bá tún fẹ agbègbè yìí sí i, àpótí mìíràn máa pẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Wọ́n ti ń gbé Bernadette kọjá níwájú fèrèsé. Halvor ń gbé ọ́ìlì sáré lọ sétí omi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ọmọ. Màmá ní tí ẹ bá ráyè, kẹ́ ẹ wo Bernadette ní ọsibítù.

Tí adájọ́ bá béèrè ẹni tí Pointe-Lucien rán wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ sọ fún un pé ẹni tiwa ò pẹ́ lọ́nà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti dé Larkin láti ọdún méjìlélógún.

Èmi ni àbúrò yín tí ara rẹ̀ ò balẹ̀,

Delphine.