Ọ̀wẹ̀ Àna Bàbá Dì

Ilé Adédùntán,
Kàbà.
Oṣù Kẹta, ọdún 1957.

Florence, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Okun ọjà, okun òtútù Jọ́ọ̀sì, okun àìrí ará ilé. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ dídùn tí o ní kí wọ́n kọ sí mi nípa rẹ̀ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, kí epo ẹ̀pà rẹ sì máa tà. Ara tèmi náà le, àfi eyín kan lápá òsì tí ó rò pé òun ni olórí ilé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, nítorí náà wá ibi jókòó sí. Wọ́n ti wá tọrọ Cecilia ọmọ rẹ lọ́wọ́ wa. Èmi kò rí àbùkù lára ọmọkùnrin tí ó fẹ́ ẹ. Ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ bí a ti ń kí àgbà, kì í mutí, Cecilia sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ọbẹ̀ ń jóná lójú rẹ̀ láìmọ̀. Joseph ni orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó burú lára rẹ̀ ni ẹni tí ó bí i. Bàbá Dì ni, Florence.

Mo mọ̀ pé o ti gbé lẹ́tà yìí lé itan. Gbé e padà. Èmi náà ṣí fìlà nígbà tí mo gbọ́. John Olúbọ̀dé, hẹ́dímásítà rẹ àtijọ́, tí ó fẹ́ràn "the" ju bí ó ti fẹ́ràn ọmọ ẹnikẹ́ni lọ, títí gbogbo Kàbà fi sọ ọ́ ní Bàbá Dì. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bíi tèmi, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìntì nínú ìgbéraga. Kóòtù dúdú ni ó ń wọ̀ lọ sí oko. "The Olúbọ̀dé" ni ó ṣì ń pe ara rẹ̀, bí ẹni pé Olúbọ̀dé mìíràn wà níbì kan tí a lè ṣì mú.

Nígbà tí wọ́n wọlé wá, Bàbá Ọlábímtán, àbúrò bàbá wa, ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ilé, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo dúró fún bàbá Cecilia tí ó ti sùn. Àwọn ará ilé ọkọ dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin wọn kúnlẹ̀, wọ́n gbé obì àti oyin kalẹ̀. Bàbá Dì nìkan ni kò tẹ̀ ba. Ó dìde dúró, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "The" ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo inú agbada gbígbóná. Nígbà tí ó jókòó, Bàbá Ọlábímtán yíjú sí Joseph, ó ní, "Kí ni ó wí?"

Joseph ní, "Bàbá, ó ní okun o."

Bàbá ní, "Gbogbo ìyẹn náà?"

Mo wá tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ kí Joseph gbọ́ ohun tí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí. Mo ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀wé pé ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Gẹ̀ẹ́sì dà bí ìjòyè. Kì í fẹ́ jáde láìsí ẹni tí yóò ṣíwájú rẹ̀. Bí a kò bá tíì mọ ewúrẹ́ kan rí, "a" ni yóò ṣíwájú rẹ̀. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, "the" ni. Àwa ń sọ pé ewúrẹ́, ewúrẹ́ wa sì ń jẹ koríko láìní ẹ̀ṣọ́. Mo ní ẹ̀kọ́ náà kò le ju kí a fi sùúrù kọ́ ọmọ lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọ, kò sì sí ọmọ tí ó ṣẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo ní, ṣùgbọ́n hẹ́dímásítà yìí, òkúta ni ó fi ń kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbàgbé "the" kan yóò lọ sí ẹ̀yìn òkè, yóò ru òkúta kan wá, yóò sì tún gbólóhùn náà sọ dáadáa kí ó tó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí kò sí ọmọ tí ó láyà láti béèrè ni ìdí tí wọ́n fi ń sọ òkúta ilé-ẹ̀kọ́ kalẹ̀ sí ilé hẹ́dímásítà. Ògiri òkúta tí ó wà níwájú àgbàlá rẹ̀ lónìí, tí àwọn àlejò ń dúró yìn, àṣìṣe àwọn ọmọ Kàbà ni a fi mọ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dé orí rẹ. Mo ní ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sórí síléètì pé òun rí ewúrẹ́ nínú oko. Ó gbàgbé "a", ó gbàgbé "the". Ó ru òkúta kan, ó ru èkejì. Ó wá bẹ̀bẹ̀. Hẹ́dímásítà ní kí ó lọ ru òmíràn, nítorí pé ní Owé, èdè ilé wa, ni ó fi bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta yẹn ni ó bọ́ lé e lọ́wọ́ lórí ògiri. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà náà. Mo dé fún Kérésìmesì, mo bá ọ nídìí ààrò, ìka méjì ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀tún, o ń fi òsì kọ́ bí a ti ń ro ọkà. O kò padà sí kíláàsì mọ́. Títí di òní o ń ka Bíbélì rẹ geere, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ní ń bá ọ kọ lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ lójú wọn.

Joseph kò gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ń wo àjà bí ẹni pé aláǹgbá tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a retí rẹ̀ títí, ó fọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní àwọn ìka ọmọ náà fara pa. Gẹ̀ẹ́sì náà dán, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo "the" ló pé síbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn yóò kó ará ilé rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Wọ́n lè kọ ebè, wọ́n lè po amọ̀, ohun tí ilé ìyàwó bá fẹ́ ni. Bàbá Ọlábímtán ti la ẹnu láti sọ pé ebè ni, mo tètè gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní ìyá ìyàwó kò ní ilé ìdáná kan ní Kàbà, òkúta ìpìlẹ̀ ni a fẹ́. Mo ní a kò fẹ́ òkúta orí òkè; èyí tí ó ti mọ ọwọ́ wa tẹ́lẹ̀ ni a fẹ́. Kí wọ́n tú ògiri Olúbọ̀dé. Kì í sì í ṣe Joseph ni yóò rù ú. Bàbá rẹ̀ ni yóò rù ú, lórí ara rẹ̀, lọ́jọ́ ọjà, ní ọ̀sán gangan, àárín ọjà ni yóò sì gbà. Ìgbàkígbà tí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n ó bi í pé ta ni ó ba ìka Florence jẹ́. Ọjọ́ tí ó bá dá mi lóhùn ní Owé, ọ̀wẹ̀ ti parí, kí ó máa lo ìyókù ògiri rẹ̀.

Bàbá Ọlábímtán fà mí mọ́ra, ó rọra ní, "Thomas, àwọn ọ̀dọ́ ni àṣà ń pè sí ọ̀wẹ̀ àna."

Mo ní, "Bàbá, àṣà ní kí ará ilé ọkọ wá. Kò dárúkọ ẹni tí kò gbọdọ̀ wá."

Ó wo Bàbá Dì, ó wò mí, ó mú awẹ́ obì kan, ó jù ú sẹ́nu.

Mo rò pé Bàbá Dì yóò bínú jáde, kí n sì fi ìyẹn ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n Joseph dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀, kò sì dìde títí bàbá rẹ̀ fi gbà. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Dì yọ láti ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ àwọn alápatà, kóòtù dúdú lọ́rùn, òkúta lórí. Gbogbo ọjà yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n ti ru òkúta yẹn rí bẹ̀rẹ̀ sí kí i.

"Tíṣà, okun ẹrù o."

"Ẹ rọra o, kí 'the' má baà já bọ́ lọ́nà."

Monica, tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan nílé-ẹ̀kọ́, dìde nídìí ata rẹ̀, ó bá a tún òṣùká tí ó ti yẹ̀ ṣe. Ó fara balẹ̀ wo òkúta náà yíká. "Tíṣà," ó ní, "tèmi kọ́ nìyẹn? Ó jọ ọ́."

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó nu ojú, ó yí padà, ó lọ ru òmíràn wá. Òkúta yá a lára ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ́jọ́ ọjà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Joseph bẹ̀ mí kí òun bá a rù ú, mo ní rárá. Inú mi dùn, Florence. Mo ń jẹun yó, mo ń sùn fọnfọn. Pásítọ̀ wá bá mi, ó ka ẹsẹ Bíbélì kan nípa ìdáríjì. Mo ka òmíràn fún un nínú Májẹ̀mú Láéláé, a sì ta ọ̀mì. Ògiri ń lọ sílẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò ti ń wọ àgbàlá Bàbá Dì lọ jẹ òdòdó rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó dúró béèrè bóyá "a" ni òun tàbí "the".

Cecilia nìkan ni kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì lọ. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń gbẹ̀san ìyá mi, n kò lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ṣé ẹ bi ìyá mi léèrè?"

Mo ní kí ó lọ pọnmi wá. Omi sì ti kún inú ìkòkò tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, òkúta kan ṣoṣo tí ó kù nílẹ̀ ni Bàbá Dì rù wá. Kò wọ kóòtù. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò lè nàró mọ́, ó sì jókòó lé e. Kò sí ògiri mọ́ tí ó lè rù dípò ọ̀rọ̀. Mo bi í bí mo ti ń bi í. Ní Owé ni ó fi dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ: "Èmi ni. Ó ní ọwọ́ ń ro òun. Mo gbọ́ ọ, mo sì ní kí ó lọ ru òmíràn." Ó mí, ó tún ní, "Tíṣà Adédùntán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ mi ní ìyàwó rẹ̀."

Láti ìgbà èwe mi ni ebi ọ̀rọ̀ yẹn ti ń pa mí. Mo rò pé bí mo bá gbọ́ ọ, n ó yó. N kò yó. Mo wo òkúta tí ó kún iwájú ilé wa, mo rántí ìbéèrè Cecilia, ó sì yé mi pé n kò ní ìdáhùn kankan tí ó jẹ́ tìrẹ. Mo sọ fún Bàbá Dì pé, "Kì í ṣe ìka tèmi. Florence ni yóò sọ bí ó bá tó."

Ìdí lẹ́tà mi nìyí. Bí o bá ní kí a fi Cecilia fún wọn, Bàbá Ọlábímtán yóò gba obì wọn ní ọjọ́ tí èsì rẹ bá dé. Bí o bá ní rárá, èmi ni n ó sọ ọ́ fún Cecilia, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Rántí pé Joseph kò ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá sì ní òkúta kò tíì tó, òkè ṣì wà níbi tí a fi sí. Láràárọ̀ ni Bàbá Dì ń wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti kọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó, tí ó ń béèrè bóyá èsì ti dé láti Jọ́ọ̀sì. Mo ń sọ fún un pé kò tíì dé. N kò sọ fún un pé lẹ́tà tèmi gan-an ṣì wà lórí tábìlì.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àjò. Ọwọ́ tí ó ṣẹ́kù fún ọ kò ní ṣe àṣetì. Ẹni tí ó pa ọ́ lẹ́kún yóò pẹ́ láyé kí ó lè rí ọ bí o ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú wa yóò rí ara wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé,
Thomas Adédùntán.

Àfikún: Cecilia ti wọ bàtà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò mú lẹ́tà yìí lọ sí póòsì nísinsìnyí, ó sì dúró tì mí lórí, nítorí náà kíákíá ni mo ń kọ èyí. Bí ó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" ni o fẹ́ sọ, má kánjú. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀, mo sì fẹ́ kí ó bá àgbàlá Bàbá Dì láìní ògiri, kí èsì rẹ tó fún un láyè láti mọ òmíràn.