Kọ̀ǹpútà Tí Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Lè Lò

Manchester,
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kọkànlá, 1987.

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní tàípù ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́. Bí Olúmọ ṣe le ni mo le.

Ẹ ní kí n bá yín yan kọ̀ǹpútà tí kò ní dẹ́rù ba ẹni tí kò lò ó rí. Méjì ni mo dán wò. Ti àkọ́kọ́ kàn ń wò mí níran ni, àfi kí n tẹ àṣẹ tí mo há sórí. Bí mo bá ṣi ẹyọ lẹ́tà kan tẹ̀, á ní òun ò gbọ́. Èkejì ni kí ẹ rà. Àwòrán ló kún ojú rẹ̀. Ohun kékeré kan bí ọṣẹ ni ẹ ó máa fà lórí tábìlì títí dé àwòrán tí ẹ fẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ọwọ́ kan tó o. Ó dá mi lójú.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń tẹ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò pupa sàmì sí àṣìtẹ̀ inú lẹ́tà yìí. Ilé iṣẹ́ irin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n sinmi díẹ̀. Mò ń jẹun dáadáa, nọ́ọ̀sì ló ń bá mi gé ẹran.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti Yéwándé àbúrò mi. Tí mo bá dé nígbà Kérésì, tí ẹ gbé omi fún mi, tí mo fi ọwọ́ òsì gbà á, Màámi, ẹ má kà á sí àfojúdi.

Ọmọ yín,
Olúbọ̀dé