Ẹlẹ́dàá Tó Rin Orí Òkun Lọ

Igbodigo, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 1966

Ìyá Àgbà ní kí n sọ ohun tí mo kọ́ lókè òkun. Mo sọ ti Wirakóṣà, Ẹlẹ́dàá àwọn Ínkà, ẹ̀yà kan láyé àtijọ́ lókè òkun, tó fi òkúta dá ènìyàn, tó sì fẹsẹ̀ rin orí òkun lọ.

"Bíi Jésù! Ó sì padà?"

"Rárá, mà. Wọ́n kàn ń retí rẹ̀ ni."

"Wọ́n káre. Bàbá tìrẹ náà ń bọ̀."

Ìyá Àgbà wọ aṣọ àdúrà funfun, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn, bàbá mi, sínú abọ́ omi àdúrà, bí ìṣe wọn lójoojúmọ́.

Bàbá mi ti sọ fún mi létí ọkọ̀ òkun, nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, pé àwọn ò ní wálé mọ́. N kò tíì lè sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà.

Mo ṣe àmín sókè.

Ìyá Àgbà yíjú padà. "Ohùn bàbá rẹ gan-an nìyẹn."