Àwòrán Tí Agboolé Wa Dìbò Fún

Agboolé Káfíńtà,
Abà Ìrókò-Méjì,
Lẹ́bàá Iléṣà.

Àánúolúwapọ̀ ọmọ mi,

O kú oríire, o kú àṣeyọrí, o kú ìnáwó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ nínú ilé tuntun tó o gbà ní Àgùdà? Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n kùn kò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà gbọ̀n láéláé.

Mo ní kí n kọ ìwé ni, n kò pè ọ́, nítorí inú ilé ọkọ ni mo wà báyìí, etí sì pọ̀ níbẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìwọ náà mọ̀, nítorí náà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, bá mi nà án. Ohun kan wà tí mo fẹ́ tọrọ. Ojú ń tì mí, n óò sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ẹni tó o mọ̀ yẹn lẹ́yìn Àjíǹde, èmi tí orí mi ń hu ewú, ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí. Bàlíkísù tó o máa ń pọ̀n nígbà tó wà ní kékeré, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ ilé yìí, nítorí náà òun ni ìyálé mi. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, á sì ní, "Ìyàwó, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná." Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé mo kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín o. O mọ àṣà wa, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá ìgbéyàwó. Orúkọ tí mo fi ń kẹ́ wọn ni mo fún gbogbo wọn, kò sì sí wàhálà nínú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ìdíje rẹ fi dé.

Ọjọ́ tó o pè pé àwọn onídàájọ́ ti mú àwòrán mẹ́wàá, pé tìrẹ wà níbẹ̀, ó kù kí àwọn aráàlú dìbò, ńṣe ni mo bú sẹ́kún. Mo rántí àbúrò mi Christopher tó gbà ọ́ sílé ní Pápá Àjàó, tó ní bí o kò bá mókè nínú ìdíje yìí, kó o kó búrọ́ọ̀ṣì dànù, kó o wá bá òun ta páàtì mọ́tò, pé bó bá jẹ́ ọ̀dà ló wù ọ́, kó o kun géètì òun.

Bó bá jẹ́ ti ìdìbò, mo mọ̀ ọ́n. Mo kéde fún agboolé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìmúròde, wọ́n mú káàdì ìdìbò lọ́wọ́, wọ́n tò síwájú ìsọ̀ Shakirat tó ń bá wa gba iná sí fóònù. Ìyá àgbà tí mo ń pè ní Eyínfúnjowó béèrè pé ẹgbẹ́ wo lo wà. Mo ní ẹgbẹ́ ayàwòrán. Wọ́n ní ṣé ẹgbẹ́ yẹn á tún ọ̀nà wa ṣe, mo ní n óò bá ọ sọ ọ́. Jọ̀wọ́, má gbàgbé ọ̀nà náà. Wọ́n ti na àtàǹpàkò de yíǹkì kí Shakirat tó ní kò sí yíǹkì níbẹ̀, ọkàn pupa kékeré kan ni kí kálukú tẹ̀ lórí fóònù òun, kó sì sọ orúkọ kí òun bá a kọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ màmá olùdíje ni mò ń dáhùn fún wọn: Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Dúdúyẹmí, Àgùntáṣọ́ọ̀lò. Kí lẹnu ìyàwó ì bá tún pè? Inú wọn dùn pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn lójú Èkó.

Ìgbà tó o wá pè, tó ò ń pariwo pé, "Màámi, ta ni Àgùntáṣọ́ọ̀lò? Wọ́n ní orúkọ irọ́ ni, wọ́n fẹ́ da ìbò yín nù!", mo fẹ́ dárúkọ wọn, ahọ́n mi kọ̀. O ti pa fóònù, o kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó o mọ̀ yẹn gbé ayùn sílẹ̀, ó gun orí àpáta níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe àwọn tó ṣètò ìdíje ní Yaba, ó ń dárúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ta ni, ọmọ-ọmọ ta ni, pẹ̀lú oríkì. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀! Shakirat tó bá a lọ ní arábìnrin tó gbé fóònù ní Yaba kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó ní, "Bàbá, ẹ rọra, mò ń kọ ọ́." Òun ló jẹ́ kí ìbò wa dúró. Ó ní kí n má sọ fún ọ.

O sì gbé ipò kìíní, ọmọ mi! Gbogbo abà ló ń pè mí ní Ìyá Ayàwòrán, mo ti ń rìn bí ẹni tó ni títì. Christopher ń sọ kiri Pápá Àjàó pé ara géètì òun lo ti kọ́ṣẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ nìkan ló ni yàrá iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ ní Yaba fún odindi ọdún? Wọ́n tún ní àwòrán náà ń lọ sókè òkun. Èmi ló kúkú wà nínú rẹ̀, ṣé wọn ò ní béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ mi? Bá mi wá nǹkan fi bò ó, mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò dára.

Shakirat fi àwòrán náà hàn mí. Èmi rèé lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wù bàbá rẹ ló wà lọ́rùn mi, kí Ọlọ́run forí jì í. Ẹ̀rù bà mí láti fi han ẹni tó o mọ̀ yẹn, ọkọ wo ló ń fẹ́ rí ẹ̀wù ọkọ àárọ̀ lára ìyàwó tuntun? Ó wò ó, ó pẹ́. Ó wá nawọ́ sí àárín àyà ẹ̀wù náà, ó ní, "Ó kun bọ́tìnnì pupa yẹn." Bọ́tìnnì ẹ̀wù náà já lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, òun ló rán òmíràn sí i. Pupa nìkan ló rí nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, okùn ìpẹja ló fi rán an. Nígbà tó o wá wò wá, "ẹ káàárọ̀" nìkan lo bá a sọ. Bó o bá pè, o kì í béèrè rẹ̀. Ó ti gbà pé o kò rí òun. Ó ní, "Ọmọ yìí rí mi." Ó padà sídìí pákó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń súfèé.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Owó ọkọ̀ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n lè wá wo àfihàn ní Yaba, ti ẹnì kan ni. Jọ̀wọ́, sọ ọ́ di ti ẹni méjì. Fi díẹ̀ kún un fún bàtà, tirẹ̀ ti lanu. Awakọ̀ ni kó o fi rán, má gbé e gba báńkì, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé ti Dúdúyẹmí mì lóṣù tó kọjá, kò sì tíì pọ̀ ọ́.

Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n bá ní kí àlejò sọ orúkọ, n óò sọ tèmi. Tirẹ̀ kò ṣeé gbọ́ lẹ́nu ìyàwó. Torí náà, dúró dè wá níbẹ̀, kó o bá mi pè é. Bí orúkọ náà bá ṣì wúwo lẹ́nu rẹ, pè é ní Bàbá. Yóò dá ọ lóhùn.

Ọ̀dà kò ní gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ògiri tó o bá gbé àwòrán kọ́ kò ní wó, ojú tó bá wò ó yóò fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni màmá rẹ,
tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó.